Omi Ni Mo Kọ

Ọdún tí àgbàrá gbé afárá Ògbèsè lọ,
ọkọ̀ pẹrẹsẹ ni wọ́n fi ń gbé mọ́tò sọdá:
pákó lórí ogójì dúrọ́ọ̀mù òfìfo,
okùn wáyà kan láti èbúté Èkìtì dé òdìkejì
níbi tí ilẹ̀ Oǹdó ti bẹ̀rẹ̀,
tí ọlọ́pàá ibẹ̀ kì í kí ọlọ́pàá tiwa.

Bàbá mi, Fápohùndà, ló ń fi igi há táyà.
Èmi, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ni mo ni ìwé:
nọ́ńbà ọkọ̀, orúkọ awakọ̀, ẹrù tó rù.
Òfin tí bàbá mi ṣe fún tánkà kò pọ̀.
Kò gbọdọ̀ bá èèyàn wọ ọkọ̀ pọ̀.
Kò gbọdọ̀ sọdá lálẹ́.
Bí ó bá sì ti ń bọ̀, kí gbogbo ààrò kú
níhìn-ín àti lọ́hùn-ún.
Àwọn tó ń yan ẹja a máa kùn.
Ọ̀ṣunbùnmi, tó ń se ẹ̀wà fún awakọ̀, a ní,
"Uná mi éè ṣe uná ogun. Ẹ̀wà ni."
Síbẹ̀, yóò wa iyẹ̀pẹ̀ bò ó.

Ọjọ́ Ẹtì ni. Òjò ṣú lọ́nà Ẹmùré.
Ògúnṣàkin bọ́ sílẹ̀ nínú tánkà aláwọ̀ aró
tí wọ́n fi ọ̀dà pa àwòrán agbárí ara rẹ̀ rẹ́,
àmọ́ eyín agbárí náà ṣì ń yọ lábẹ́ ọ̀dà.
"Kí lẹ rù?"
"Omi," ló wí. "Omi ilé ìwòsàn."
Ó ki náírà sáàárín ìwé mi
bí ẹni fi ewé sàmì sí Bíbélì.
Mo wo eyín yẹn. Mo wo owó yẹn.
Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí n san owó ìdánwò.
Mo kọ ọ́: omi.

Ta ní í torí omi pa ààrò? Èéfín ẹja ń gòkè.
Èrò mọ́kànlá bá a wọ ọkọ̀,
obìnrin kan fa ewúrẹ́ lọ́wọ́,
bàbá mi tẹ̀ lé wọn, igi ìhátáyà léjìká.
Kì í bi mí léèrè ohun tí mo bá kọ.

Wọ́n dé àárín odò kí imú rẹ̀ tó ta á lólobó.
Mo rí i tó bẹ̀rẹ̀, tó fọwọ́ kan abẹ́ tánkà,
tó gbé ìka símú,
tó wá gbójú sókè wo èbúté. Èmi nìkan ló wò.
Lẹ́yìn náà ló pariwo:
"Ẹ pa uná! Ẹ pa uná o!"
Ọ̀ṣunbùnmi kò wá iyẹ̀pẹ̀,
odindi ìkòkò ẹ̀wà ló dà sórí iná.
Ìgbà náà ni okùn já.

Ọlọ́pàá ìhín ń nawọ́ sí ti ọ̀hún:
"Ti yín ni!"
"Ó ṣì wà lọ́dọ̀ yín!"
Odò sì ń gbé iná tí kò tíì ràn lọ jẹ́jẹ́
tòun ti èèyàn, tòun ti ewúrẹ́,
tòun ti bàbá mi.

Òpó afárá tó wó ló gbà wọ́n.
Ó ṣẹ́kù sínú omi bí eyín arúgbó;
ọkọ̀ gbá a, ó dún gbì, ó dúró.
Ewúrẹ́ ké. Inú wa dùn
pé nǹkan ṣì lè ké.

Bàbá mi kò lù mí. Ó ní kí n mú ìwé wá.
Kò mọ̀wé; ó ní kí n fi ibi tí omi wà han òun.
Ó gbé ìka tó ń rùn bẹntiróòlù lé e,
ó pẹ́ kó tó gbé e kúrò.
"Má pa á rẹ́," ló wí.

Wọ́n ti ṣe afárá tuntun. Tánkà ń ré kọjá lóru,
kò sẹ́ni tó ń béèrè ohun tó rù.
Ìwé náà ṣì wà lọ́dọ̀ mi.
Àbàwọ́n ìka bàbá mi ti bo lẹ́tà àkọ́kọ́,
ohun tó kù níbẹ̀ nìyí:
Ẹrù: mi.